Ọkùnrin Tí Mo Ní Kó Jẹ́wọ́

Ihò kẹta ni mò ń gbẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí Ẹfúnwùmí dìde níbi tó jókòó sí, ó wá wo inú rẹ̀, ó ní kò jìn tó. Mo tún un gbẹ́. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta péré, ilẹ̀ Massè kò tíì rọ̀. Ògúnjọbí tó ni oko náà jókòó sábẹ́ igi mángòrò. Àwọn tó ń kọjá lọ sí oko wọn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń béèrè ohun tí katikísì ń fi ọkọ́ wá nínú oko olóko. Ẹfúnwùmí ló dá wọn lóhùn. Ó ní, "Ẹ bi í. Ó lẹ́nu."

Mo lẹ́nu. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi pa á dé. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Ọlọ́run, mo ti sọ ọ́ fún fadá, mo ti sọ ọ́ níwájú àwọn ará Massè. Ó ku ẹ̀yin tẹ́ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí n tó kú, kí ẹnikẹ́ni má bàa dín in kù fún yín nítorí pé ó ń ṣàánú mi.

Orúkọ mi ni Marcellin Oyèbánjí. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi jẹ́ katikísì ní Massè, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, tó sì ń darí àdúrà nígbà tí fadá ò bá sí. Pobè ni fadá ń gbé. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń yọjú sí wa, bí ọ̀nà bá gbà á. Àwọn Ọjọ́ Ìsinmi tó kù, èmi ni. Mo mọ̀wé, mo mọ orin, ohùn mi sì ròkè. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé bí mo bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Àìsàn mi nìyẹn. Òun ló bí ìyókù.

Ilé àdúrà wa nígbà náà kò ní ògiri. Òpó mẹ́jọ ni, pẹ̀lú koríko lórí. Ẹni tó bá ń kọjá lọ́nà ń gbọ́ gbogbo ohun tá a bá ń sọ. Èṣùbíyì máa ń kọjá. Adẹ́mu ni, ọkọ Ẹfúnwùmí. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, agboolé wa sì kángun síra wọn. Kì í ṣe onígbàgbọ́, òrìṣà baba rẹ̀ ló ń bọ. Síbẹ̀ òun ló máa ń gun ọ̀pẹ fún wa lọ́dọọdún, tó máa ń gé imọ̀ fún wa fún Ọjọ́ Ìsinmi Imọ̀-Ọ̀pẹ, ọjọ́ tá a máa ń gbé imọ̀ lọ́wọ́ yí ilé àdúrà ká kí ọ̀sẹ̀ ìjìyà Olúwa tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ò lè gun ọ̀pẹ. Láti kékeré ni orúnkún mi òsì ò ti ká dáadáa. Èṣùbíyì máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Á wà lókè, igbà á wà nídìí rẹ̀, á ní, "Katikísì, ìwọ tó o fẹ́ gòkè lọ sọ́run, ọ̀pẹ lásán o ò lè gùn." A máa rẹ́rìn-ín. Jeanne ìyàwó mi á bu oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́ tán, á ní iyọ̀ rẹ̀ kéré, á máa lọ.

Ní ọdún 1964, ọdún kẹrin tá a gba òmìnira, nígbà ààwẹ̀, mo wàásù lórí ààlè. Ẹ mọ ààlè: ohun tí olóko ń so mọ́ igi tàbí mọ́ ọ̀pá létí oko rẹ̀, kí olè má bàa fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀. Mo ní ṣùkù àgbàdo àti ìgbálẹ̀ àlòkù ni, kò lè pa eṣinṣin. Mo ní ọmọdé ni ẹni tó bá ń bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo rí Èṣùbíyì lójú ọ̀nà pẹ̀lú akèrègbè ẹmu lájìká. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí mo fi parí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi Imọ̀-Ọ̀pẹ ń sún mọ́, mo ránṣẹ́ sí i nítorí imọ̀. Ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé ọmọdé ni òun, kí n lọ wá àgbà tó máa gùn ún fún mi. Ẹ̀fẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ mi lọ sílé rẹ̀, tí mo ní kó má bínú, ì bá gùn ún. Mi ò lọ. Fadá ti ránṣẹ́ pé òun fúnra òun ń bọ̀ lọ́dún yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bá wa ṣe ọjọ́ náà. Mò ń dúró kí Èṣùbíyì wá bá mi. Kò wá. Ó di ọ̀sán Sátidé, kò sí imọ̀ kan ṣoṣo nílé àdúrà.

Ògúnjọbí ní ọ̀pẹ méjìlá létí ọ̀nà tó lọ sí Kpoulou. Irú èyí tí àwọn ará ìjọba pín ni, tí kì í tètè ga. Ó ti tọ́jú wọn fún ọdún mẹ́ta. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń bu omi sí ìdí wọn, omi tó jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń pọn ọ́n. Wọn ò tíì so. Orí wọn ò ju àyà mi lọ. Ó ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ níwájú wọn, ó so ààlè mọ́ ọn: ìgbálẹ̀ kúkúrú, ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín, ó fi aṣọ pupa dì wọ́n pọ̀. Mo rí i. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rù ò bà mí, mo sì ka àìbẹ̀rù yẹn sí ìgbàgbọ́. Ìgbálẹ̀ ni mo rí níbẹ̀, mi ò rí Ògúnjọbí. Mo fi àdá gé imọ̀ wọn, mo sì gé màrìwò àárín orí igi méje, torí òun ló funfun jù, òun ló sì máa dùn ún wò lójú fadá. Mi ò mọ ọ̀pẹ. Mo gé e jìn. Adẹ́mu èyíkéyìí ì bá ti sọ fún mi pé ibi tí mo ki àdá bọ̀ yẹn ni ẹ̀mí igi wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Jeanne rí àwọn imọ̀ náà. Ó ní, "Èṣùbíyì padà gbà, àbí?" Mo ní, "Hẹn." Kò tilẹ̀ tó ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Fadá dé, ó wọ́n omi mímọ́ sí wọn, ó yìn wọ́n pé wọ́n dára. A kọrin yí ilé àdúrà ká. Nǹkan olóko wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Fadá náà mú ọ̀kan.

Ọjọ́ Ajé, Ògúnjọbí wá sílé mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò pariwo. Ó kí Jeanne, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ó ní oko òun lòun ti ń bọ̀, òun sì ti rí imọ̀ lára òpó ilé àdúrà wa. Ta ló gé e fún wa? Bí mo bá ní èmi ni, ǹ bá bẹ̀ ẹ́, ǹ bá gbin òmíràn fún un, ojú ì bá tì mí fún oṣù mélòó kan. Mo ní mo bá wọn lẹ́bàá òpó ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ti dì wọ́n. Mo ní mo rò pé ẹni tó máa ń gé e fún wa náà ni. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sídìí tí mo fi ní láti dárúkọ. Gbogbo Massè ló mọ ẹni tó máa ń gé e fún wa.

Wọ́n pe Èṣùbíyì sílé baálẹ̀. Ó ní òun kọ́. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo adẹ́mu jọ, kí wọ́n lọ wo ojú ibi tí wọ́n gé. Ó ní ọwọ́ ẹni tí kò mọ ọ̀pẹ ni, pé adẹ́mu wo ló ń gé orí ọ̀pẹ bí ẹni ń gé ìrèké. Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn àgbà létí. Baálẹ̀ ní kó di Sátidé, tí àwọn adẹ́mu tó wà ní apá Oko-Akarè náà máa ti dé, kí wọ́n jọ lọ wò ó. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́. Mo lọ sílé. Mo ń rò ó. Ta ni ní Massè tí kò mọ ọ̀pẹ, tó sì ń wá imọ̀ lójú méjèèjì? Kò ju ẹnì kan lọ.

Ọjọ́rú ni ara Ìyábùnmi gbóná. Ìyábùnmi ni ọmọ kan ṣoṣo tí Èṣùbíyì àti Ẹfúnwùmí bí. Ọmọ ọdún méje ni. Kò ṣe ìrìbọmi, àmọ́ ó mọ orin wa ju àwọn ọmọ tiwa lọ, torí ilé àdúrà tí kò ní ògiri. Ní Ọjọ́bọ̀, gìrì mú un. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlú ti ń sọ pé ààlè ti mú olè, pé kí la tún ń wá. Baálẹ̀ nìkan ló ní ohun tí òun ti sọ lòun sọ, pé Sátidé ni wọ́n máa lọ wo igi. Ẹnì kan ṣoṣo wà ní Massè tó mọ̀ dájú pé ààlè ò mú ẹnikẹ́ni. Ara ẹni náà le. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣeré lágbàlá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà náà fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Bí ààlè bá mú èèyàn, tí ẹni náà bá jẹ́wọ́, olóko á fa ààlè rẹ̀ tu, á da omi sílẹ̀, á ní òun ti dárí jì í. Wọ́n ní ara á sì yá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọ́ lọ sílé Èṣùbíyì láti àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn la fi ń rántí ikú Olúwa. Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, àwọn èèyàn ti lọ, mò ń ká aṣọ tá a fi bo àgbélébùú. Èṣùbíyì wọ abẹ́ koríko ilé àdúrà wá. Kò wọ ibẹ̀ rí. Eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀, kò sì pè mí ní katikísì.

Ó ní, "Oyèbánjí, mi ò gé imọ̀ kankan. Ṣé o gbà mí gbọ́?"

Mo ní mo gbà á gbọ́. Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn.

Ó ní, "Ẹfúnwùmí ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́wọ́, kódà bí mi ò bá ṣe é. Ìwọ sọ pé kò lè pa eṣinṣin. Mo gbọ́ ọ, ibí yìí lo dúró sí. Ohun kan ni mo wá bi ọ́. Ṣé ó ń pa èèyàn àbí kì í pa? Bí kì í bá pa èèyàn, màá gbé ọmọ mi lọ sílé ìwòsàn Pobè nísinsìnyí, kẹ̀kẹ́ wà nílẹ̀. Bó bá ń pa èèyàn, màá lọ jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe. Ìwọ lo mọ̀wé. Èyí tó o bá sọ ni màá ṣe."

Gbogbo ohun tí mo ti fi ọdún mẹ́tàlá kọ́ àwọn èèyàn wà nínú ìdáhùn yẹn. Kì í pa èèyàn, gbé ọmọ rẹ máa lọ. Mi ò tilẹ̀ ní láti jẹ́wọ́ tèmi kí n tó sọ ọ́. Ẹnu katikísì lásán ti tó. Àmọ́ ọ̀la ni Sátidé, àwọn adẹ́mu ń bọ̀. Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Jẹ́wọ́."

Kò kúrò níbi tó wà. Ó ní, "Ìwọ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Nítorí ọmọ. Jẹ́wọ́, kí ọ̀rọ̀ tán."

Kí ọ̀rọ̀ tán. Ohun tí mo sọ nìyẹn, mo kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ.

Ó lọ kúnlẹ̀ ní àgbàlá Ògúnjọbí lójú gbogbo èèyàn, ó ní òun ni òun gé e. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi gé e bẹ́ẹ̀, òun tó mọ ọ̀pẹ. Ó ní ojú òun ló ṣú. Àwọn adẹ́mu ẹgbẹ́ rẹ̀ tutọ́ sílẹ̀. Ògúnjọbí lọ fa ààlè rẹ̀ tu, ó da omi sílẹ̀, ó ní òun ti dárí jì í. Èmi náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí katikísì náà gbàdúrà sí i. Mo gbàdúrà sí i.

Ní Sátidé, Ìyábùnmi dìde jókòó, ó mu ẹ̀kọ, ó kọ ọ̀kan nínú orin wa lórí ẹní. Ẹfúnwùmí rán èèyàn wá sọ fún mi kí n bá wọn dúpẹ́. Wọn ò gbé e lọ síbì kankan. Kò sẹ́ni tó tún lọ wo igi. Ní Ọjọ́ Àjíǹde ohùn mi ròkè ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ní ọ̀sán gangan, ọmọ náà kú.

Ẹ máa rò pé ìgbà yẹn ni mo sọ̀rọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ló pẹ́ jù. Àwọn mìíràn ní ó ṣì ń fi nǹkan pamọ́. Àwọn ọ̀pẹ méje náà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó gbà kí Èṣùbíyì gun ọ̀pẹ òun mọ́. Ta ló máa jẹ́ kí ẹni tí ààlè mú fọwọ́ kan igi òun? Kí òjò ọdún yẹn tó tán, ó kó ẹrù rẹ̀. Ó ní apá Ìlaró lòun ń lọ, ní ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tí wọn ò ti mọ òun. Èmi nìkan ló wá dágbére fún. Ó ní, "Ìwọ nìkan ni kò pè mí ní olè." Ó fún mi ní igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ. Ó ní òun ò ní lò ó mọ́, kí n máa fi rántí òun, èmi tí mi ò lè gun igi. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Mo gba igbà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ọdún mẹ́wàá. Mò ń wàásù, mò ń gba Ara Olúwa, mò ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Màá ní kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n má fi nǹkan kan pamọ́. Èmi fúnra mi máa ń jẹ́wọ́ fún fadá. Màá ní mo bínú, màá ní mo jáfara nínú àdúrà. Imọ̀ yẹn kò dé ẹnu mi rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹnì kan bi mí. Ní ọdún 1971, nígbà tí Jeanne ń kú lọ, ó ní, "Imọ̀ ọdún yẹn, ta ló gé e?" Mo ní kó sinmi. Ó yí ojú sí ògiri. Ó ti mọ̀. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ títí tó fi kú ní ọjọ́ kejì.

Ní ọdún kejì tí àwọn sójà gba ìjọba, tí wọ́n ń sọ pé gbogbo nǹkan máa di tuntun, àìsàn dá èmi dùbúlẹ̀. Oṣù méjì ni mo fi wà lórí ẹní, ojú mi kò kúrò lára ilẹ̀kùn, igbà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ránṣẹ́ pe fadá. Fadá tuntun ni, ọmọ ilẹ̀ wa, ará Porto-Novo. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo retí pé á ní kí n ka àdúrà báyìí báyìí. Ó bi mí bóyá ọkùnrin náà wà láàyè. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Ẹ ò mọ̀, bàbá?" Lẹ́yìn náà ó ní Ọlọ́run kì í lé ẹni tó bá ronú pìwà dà, òun ò ṣiyèméjì ìyẹn. Ó ní àmọ́ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ Èṣùbíyì kò sí lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọwọ́ mi ló ṣì wà. Ó ní orúkọ ọkùnrin náà ni. "Ẹ lọ dá a padà fún un, bàbá. Ibi tẹ́ ẹ ti gbà á ni kẹ́ ẹ ti dá a padà, lójú àwọn tó wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó tún wá síbi tábìlì Olúwa, ẹ kọ́kọ́ lọ bá a."

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi gbà mí, mo lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń béèrè wọn láti abúlé kan dé èkejì. Ẹfúnwùmí ni mo bá. Ó ń bẹ gbágùúdá lẹ́nu ọ̀nà ilé kékeré kan. Èṣùbíyì ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Kò gun ọ̀pẹ mọ́ láyé rẹ̀. Oko olóko ló ń ro títí ikú fi dé.

Mo sọ ọ́ fún un ní ìdúró. Kò sunkún. Ó ń bẹ gbágùúdá rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ọjọ́ tó wá bá yín nílé àdúrà, ẹ ti mọ̀?"

Mo ní mo ti mọ̀.

"Ẹ sì ní kó jẹ́wọ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Láti ọjọ́ tá a ti kúrò ní Massè ni mo ti ń bi í pé kí ló dé tó lọ gé imọ̀ olóko. Ó ní òun ò gé e. Mo ní ṣebí o jẹ́wọ́. Títí tó fi kú, mi ò gbà á gbọ́. Nínú ilé rẹ̀, èmi náà ń pè é ní olè."

Mo kúnlẹ̀ kí n bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, pé kì í ṣe iwájú ilé òun ni wọ́n ti pè é bẹ́ẹ̀ níjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní òun ń tẹ̀ lé mi lọ sí Massè, òun fẹ́ gbọ́ ọ níbẹ̀.

Àgbàlá Ògúnjọbí ni mo ní kí wọ́n pé jọ sí. Mo kúnlẹ̀ síbi tí Èṣùbíyì kúnlẹ̀ sí. Orúnkún mi òsì ò ká, mo na ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn. Mo sọ ọ́ láti Sátidé tí mo gé imọ̀ dé Ọjọ́ Ajé tí ọmọ kú. Àwọn obìnrin káwọ́ lórí. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní ààlè ò ṣe katikísì ní nǹkan kan, ó tilẹ̀ sanra sí i. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ sí mi. Ògúnjọbí ni mi ò retí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní kí n sún mọ́ òun.

Ó ní, "Ṣé ààlè mi kọ́ ló pa ọmọ yẹn?"

Mo ní òun kọ́.

Ó ní, "Láti ọdún yẹn mi ò fi ààlè sí nǹkan kan mọ́. Wọ́n ń wa gbágùúdá mi lóko, mò ń wò wọ́n. Mo ní kí n má tún pa ọmọ ẹlòmíràn." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Ní gbogbo ọdún mẹ́wàá yẹn, mi ò fi ti Ògúnjọbí kún un rí. Igi méje ni mo rò pé mo jẹ ẹ́.

Mo gbé agogo àti ìwé ilé àdúrà fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà. Mo fún Ẹfúnwùmí ní igbà ọkọ rẹ̀. Ó fi imú sí i, ó ká a mọ́ inú aṣọ rẹ̀. Ògúnjọbí ní kí n gbin ọ̀pẹ méje dípò méje. Ó ní òun yọ̀ǹda ilẹ̀ wọn, kí wọ́n di ti Ẹfúnwùmí, kó lè padà wá gbé láàárín wa bó bá fẹ́. Àwọn ọmọ mi fẹ́ bá mi gbẹ́ ihò. Mi ò gbà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá ara wa níbẹ̀ ní àárọ̀ yẹn, èmi pẹ̀lú ọkọ́, àwọn méjèèjì ń wò mí. Nígbà tí mo gbin ìkeje tán, mo ní kí Ẹfúnwùmí dárí jì mí. Ó ní òun ò tíì mọ̀. Ó ní bí òun bá mọ̀, òun á sọ fún mi. Mi ò tún bi í.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo kọ́ ní ìjẹ́wọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣẹ ẹnì kan, tẹ́ ẹ ń sọ ọ́ fún Ọlọ́run nìkan lórí eékún, Ọlọ́run ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ dìde, ẹ lọ bá ẹni náà. Ẹ lọ nígbà tó ṣì lè gbọ́. Èmi pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ní ọdún méjì, mo sì ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni pe Èṣùbíyì adẹ́mu ní olè, ẹ dá a lóhùn pé irọ́ ni. Ẹ ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pẹ méje ni mo gbìn. Ọ̀yà jẹ mẹ́ta. Mẹ́rin ló kù.